Hard Drive Mẹ́sàn-án Lórí Kọ̀ǹpútà Kan

Ọ̀rọ̀ ẹbọ, ọ̀rọ̀ ọdún àti ọ̀rọ̀ ìwà ni mo sábà máa ń kọ sínú ìwé wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ pé ohùn bàbá òun wà nínú àpótí irin kékeré kan tó lè kú nígbàkigbà kò ní fi í ṣe ẹ̀rín.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Láti ìgbà tí rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì ti wọ agboolé wa ni àwọn ọmọ awo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, níbi ìtẹ̀fá, níbi ọdún Ifá, níbi ìsìnkú awo. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó lajú da àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó wọn pamọ́ sínú hard drive. Àmọ́ kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí Olúwo wa àgbà relé, tí a jókòó láti mọ ohun tó fi sílẹ̀, a rí i pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ìbàdàn, méjì wà ní Èkó, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin ní London, mẹ́ta wà lọ́dọ̀ èmi fúnra mi, méjì sì wà nínú àpótí aṣọ Olúwo. Mẹ́sàn-án géérégé. Ẹbí ní kí n kó gbogbo wọn jọ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà nílé mi, kí a lè mọ ohun tí a ní àti ohun tí a kò ní. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nídìí iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo mọ̀ pé irú àwọn àpótí yìí wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí hard drive jẹ́. Nínú rẹ̀, àwo pẹrẹsẹ tó ń dán bíi dígí ló wà, ó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lókè àwo náà láìfara kàn án. Òun ló ń kọ, òun ló ń kà. Èyí àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde lọ́dún 1956 ní àwo 50 nínú, fífẹ̀ àwo kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ló lè gbà. Lónìí, èyí tó wọ àpò dàńṣíkí gba ìlọ́po ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀. Wákàtí kan ohùn tó mọ́keté bíi ti CD tó nǹkan bíi megabyte 635. Nítorí náà, hard drive kan tó jẹ́ terabyte 1 lè gba ìyẹ̀rẹ̀ tó lé ní wákàtí 1,500. Àgbà wo ló sun ìyẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a gbà sílẹ̀? Àyè kò ṣòro. Ìtọ́jú ló ṣòro.

Ẹ̀yin awo, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹ̀rọ yìí bà yín jù. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun méjì lọ: òfo àti ọ̀kan. Lórí ọpọ́n tiwa, ilà kan tàbí ilà méjì la ń tẹ̀. Ìgbà mẹ́jọ la máa tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, kí odù tó fojú hàn. Ohun méjì ní ipò mẹ́jọ, 256 ló ń bí: ojú odù 16, àmúlù 240. Kọ̀ǹpútà náà ń to òfo àti ọ̀kan ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, byte ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, byte kan sì lè jẹ́ oríṣi 256. Mi ò sọ pé òyìnbó jí i lọ́wọ́ wa o. Ìṣirò kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lè mọ odù 256 sórí kò yẹ kó sá fún ẹ̀rọ tó ń ka byte.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an ńkọ́? Nínú mẹ́sàn-án yẹn, mẹ́rin jẹ́ kékeré tó ń jẹ iná láti ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ńlá tó ní wáyà iná tirẹ̀. Méjì tó kù jẹ́ ìhòòhò, wọ́n tú wọn jáde láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́, wọn kò ní ilé lára. Kọ̀ǹpútà mi sì ní ihò USB mẹ́rin péré, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ti gba méjì.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò ni pé kí a ra hub, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin tàbí méje. Òótọ́ ni, nínú ìwé, ètò USB gba nǹkan 127 lórí okùn kan. Àmọ́ ohun tí ìwé gbà yàtọ̀ sí ohun tí iná gbà. Ihò USB àtijọ́ kò ṣèlérí ju milliamp 500 lọ. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ń fúnni ní 900. Hard drive kékeré kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí àwo rẹ̀ bá ń gbéra. Bí ẹ bá wá fi hub tí kò ní iná tirẹ̀ so mẹ́rin mọ́ ihò kan, ọbẹ̀ ẹnìkan lẹ ń pín fún ẹni mẹ́rin yẹn. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń dún tin-tin, tí wọ́n ń yọjú, tí wọ́n tún ń sá lọ. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́, ebi ni. Hub tó ní wáyà iná tirẹ̀ tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn rẹ̀ bóyá iná tó ń gbé wọlé tó fún iye ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn.

Àwọn ńlá kò ní ìjà yẹn, nítorí fóòtì 12 ni mọ́tò tó ń yí àwo wọn ń jẹ, USB lásán kò sì lè fún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní wáyà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wáyà ọ̀kan sí òmíràn nítorí pé ẹnu rẹ̀ bá a mu. Ẹnu lè bá ara wọn mu kí iná má bára mu, èyí sì lè jó hard drive ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, a kọ nọ́ńbà sí i, a kọ nọ́ńbà kan náà sára hard drive tó ni ín. Ní ti àwọn ìhòòhò méjì, ohun tí wọ́n ń fi wọ́n sí wà lọ́jà, ilé ìdúró kan tí a ń ti hard drive bọ̀ láti òkè bí ẹni ń ti búrẹ́dì sínú ẹ̀rọ tó ń yan án. Ọ̀kan bá a mu. Èkejì ti pẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, a ní láti wá okùn àtijọ́ fún un kó tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé orí kọ̀ǹpútà tán, ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Windows ń fi lẹ́tà pe hard drive kọ̀ọ̀kan. A àti B ni wọ́n fi pamọ́ fún àwọn dísìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́, C ni ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí náà láti D lọ ni àlejò ti ń rí àyè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́tà náà lè yí. Èyí tó jẹ́ E lónìí lè di G lọ́la bí ẹ bá so wọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn bàbá wà nínú E, tó wá lọ pa ohun tó wà nínú E rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ sọ wọ́n, nítorí orúkọ kì í yí bíi lẹ́tà. Àwọn ọmọ ní kí a fi orúkọ odù pè wọ́n. Mo ní rárá. Bí ẹnìkan bá pariwo ní gbọ̀ngán pé Ọ̀yẹ̀kú ti bàjẹ́, ta ló máa mọ̀ pé hard drive ló ń wí? Orúkọ ilé tó ti wá àti nọ́ńbà rẹ̀ la fi pè wọ́n: Ìbàdàn 1, Èkó 1, Èkó 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ti London wá fẹ́ dá wa láàmú. Kọ̀ǹpútà mi kò lè kà á, ó wá bi mí bóyá kí òun ṣe format fún un kí n lè máa lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa: bí kọ̀ǹpútà bá bi yín ní ìbéèrè yẹn lórí hard drive tí ohùn bàbá yín wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Ohun tí format túmọ̀ sí ni pé kí a nu ọpọ́n. Kì í ṣe pé hard drive náà ṣàìsàn. Lórí kọ̀ǹpútà Apple ni ọmọ mi ti tò ó, Windows kò gbọ́ èdè ìtò yẹn. Ó ní kí n fi lẹ́tà ráńṣẹ́ padà, mo sì fi ránṣẹ́. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú òmíràn tó tò ní exFAT, èyí tí ìhà méjèèjì gbọ́. Bí ìdílé yín bá ní ọmọ nílé àti lókè òkun, exFAT ni kí ẹ lò. FAT32 àtijọ́ kò gba fáìlì kan tó bá ju gigabyte 4 lọ, fídíò ìtẹ̀fá kan sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù. Ọ̀kan nínú méjì tó ti inú àpótí Olúwo jáde ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìró yẹn, apá inú rẹ̀ ni kò rí ojú ọ̀nà mọ́. Inú òun náà ló sì jẹ́ pé ìyẹ̀rẹ̀ Olúwo tó pọ̀ jù wà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí òun tú u wò. A kò gbà, nítorí eruku tí ojú kò rí tó láti ha àwo náà. A yọ gbogbo hard drive yòókù kúrò kí iná má bàa dín, a so òun nìkan mọ́ kọ̀ǹpútà, a kò sì fi àkókò ṣòfò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. A dá àwọn fáìlì tí orúkọ Olúwo wà lára wọn kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àkọ́kọ́. Bó bá ti gbóná, a pa á kó sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Nínú fáìlì 31, a rí 27 gbà. Lọ́jọ́ kẹta náà ló dákẹ́, kò tún yí mọ́.

Mẹ́rin ló kù sínú rẹ̀. A mọ ohun tí wọ́n jẹ́ nítorí orúkọ wọn hàn. Àwa kan gbé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá bàbá kan tó jẹ́ ọmọ awo Olúwo nígbà èwe, tó ti lé ní 80 ọdún báyìí. Ó ní ká jókòó. Ó sun méjì nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí Olúwo ṣe máa ń sun ún, pẹ̀lú ibi tó ti máa ń dúró kí àwọn ọmọ awo gbè é. A gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Méjì tó kù, ó ní kò sí lọ́wọ́ òun. Méjì yẹn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn tó bá ní orí èèyàn ni hard drive tó dára jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá yẹn ti lé ní 80 ọdún.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti jọ, àríyànjiyàn bẹ́ nílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí jù mí lọ, ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa wà lórí kọ̀ǹpútà náà títí láé, kí a so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan ńlá, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè gbọ́ ohun tó bá fẹ́. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà lè pa hard drive púpọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn to wọ́n lẹ́yìn ara wọn bẹ́ẹ̀, ikú ọ̀kan lè ba ti gbogbo wọn jẹ́. Ọ̀nà kejì wà, pé kí méjì máa gbé ohun kan náà bí ìbejì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kú. Ìyẹn sàn jù, àmọ́ bí ọmọ kan bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, lára ìbejì méjèèjì ló máa ti parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá wa àgbà, tó jókòó tí kò tíì sọ nǹkan kan, wá bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bí olè bá wọ ilé yìí lóru òní ńkọ́?" Gbogbo wa dákẹ́. Olè, iná, àrá, òjò tó jò wọlé, NEPA tó ń gbé iná wá pẹ̀lú agbára òdì: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa mú hard drive kan kó fi mẹ́jọ sílẹ̀ bí gbogbo wọn bá wà lórí tábìlì kan náà. Ọ̀rọ̀ ìyá ló borí. A fohùn ṣọ̀kan pé ìkójọ dára fún iṣẹ́, kò dára fún ìpamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ó máa kó wọn jọ. Bí a bá ti ṣe ẹ̀dà tán, wọ́n á túká. Odindi ẹ̀dà mẹ́ta ló wà báyìí: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní London. Bí Ifá fúnra rẹ̀ ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Kò sí ní orí awo kan ṣoṣo, kò sí ní ìlú kan ṣoṣo. Bí ogun bá kó ìlú kan, a ṣì rí i gbọ́ ní ìlú kejì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ. Nígbà tí gbogbo fáìlì jókòó sójú kan, a rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ fún gbogbo etí. Ọmọ mi ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó má bàa sọnù. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n a pín wọn sí fóódà mẹ́ta kí a tó dá a lóhùn. Àkọ́kọ́ ni ìyẹ̀rẹ̀ àti ìtàn tí a ń sọ ní gbangba; ìyẹn lè lọ síbikíbi tí ọmọ Yorùbá wà. Ìkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbódù. Àwọn tó ti wọ ibẹ̀ nìkan ló ni ín, orí hard drive tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì rí ló sì wà. Ìkẹta ni ìtẹ̀fá ẹnìkọ̀ọ̀kan, níbi tí a ti gbọ́ odù tó bí i, èèwọ̀ rẹ̀, àti àṣírí tí Ifá tú fún un. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹbí, kì í ṣe ti Olúwo pàápàá. Olówó orí rẹ̀ ló ni ín. À ń wá wọn kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, à ń dá a padà fún wọn, a ó sì bi wọ́n bóyá kí a pa tiwa rẹ́. Ẹni mẹ́fà ti gba tiwọn. Ẹnìkan sunkún, nítorí ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ìyá náà tó ti kú, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo.

Lọ́dún 2005 ni UNESCO kéde pé Ifá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Orúkọ náà dùn, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ti Paris wá wo inú dúrọ́ọ̀ yín. Àwa fúnra wa la ó ṣe é.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Kí ọdún Ifá tó ń bọ̀ tó dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú hard drive tó ní jáde, kí ẹ tan án, kí ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó ti dùbúlẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìyí lè kọ̀ láti gbéra mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní alẹ́ tí iná bá dúró tàbí lórí ínfátà. Lórí USB àtijọ́, terabyte 1 lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ fẹ́ yọ ọ́ kí ẹ tó fa wáyà rẹ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà kan, kí ibi tó ń gbé jìnnà sí ilé yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ọmọdé kan nínú ilé, kí ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ títí yóò fi lè sun ún láìwo ẹ̀rọ kankan.

Ọ̀rúnmìlà á gbè wá o. Àbọṣíṣẹ.